Kí N Tó Rìn Dé Yídì

Ọjọ́ Ajé, 29 oṣù kẹrin, 1985

Wọ́n dá mi sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn lónìí. Oògùn méjì ni mo gbé bọ̀: èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tí yóò máa mú kí ọkàn mi rọra lù, láàárọ̀ àti lálẹ́, àti funfun kékeré tó ń lé omi ara jáde, láàárọ̀ nìkan. Dókítà Ọlálẹ́yẹ ní n kò gbọdọ̀ gba ààwẹ̀ tó ń bọ̀ yìí, n kò gbọdọ̀ dá oògùn dúró fúnra mi, mo sì gbọdọ̀ máa rìn. Mo bi í pé irú ìrìn wo. Ó ní, "Bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ, mà."

Ilé ń rùn bí ilé tí wọ́n tì pa. Òjò kan ti rọ̀ nígbà tí n kò sí ńlé. Agolo tí mo fi ń wọn òjò kún dé àárín, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tó rọ̀ fún mi. Mo jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, mo ń wo àwọn òkúta òdìkejì ìlú nínú kùrukùru. Wọ́n dà bí agbo màlúù tó dùbúlẹ̀ tí kò fẹ́ dìde mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù karùn-ún

Mo rìn dé ìdí máńgòrò ẹnu géètì, mo sì padà. Ìyẹn nìkan.

Mo lálàá pé mo ń rìn lórí Odò Ògùn, lábẹ́ afárá réluwéè ní Láfẹ́ńwá. Omi náà le lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ilẹ̀ ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ìyá wa wà níwájú, ó ru aṣọ tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró, aró náà sì ń kán sórí omi. N kò bá a. Ṣùgbọ́n kò rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi Sìlífátù wá láti Ìtòkú. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Títílọlá, wọ́n ní wọ́n rí ọ lójú títì. Ta ló ní kí o bọ́ síta?"

"Dókítà ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Dókítà wo? Ẹni tí ọkàn ń dùn ni yóò máa rìn kiri bí ọlọ́pàá?"

Ó ti kun yàrá ìsàlẹ̀ nílé wa ní Ìtòkú. Ó ní bí a bá ti ṣe Ìtúnu Ààwẹ̀ tán, òun yóò mú móto wá kó ẹrù mi. Ó ti rí ẹni tí yóò gba ilé yìí, òṣìṣẹ́ báǹkì kan àti ìyàwó rẹ̀. "Ìwọ nìkan nínú ilé tó fẹ̀ tó báyìí. Bí o bá ṣubú, ta ni yóò gbọ́? Máńgòrò?"

N kò fẹ́ bá a jà. Ní Ìtòkú, n ó di ẹni tí wọ́n ń gbé oúnjẹ fún, tí wọ́n ń bi léèrè bóyá ó ti sùn. Mo sọ fún un pé lọ́jọ́ Ìtúnu, n ó fi ẹsẹ̀ ara mi rìn láti ilé yìí dé Yídì. Bí n kò bá dé ibẹ̀, èmi fúnra mi ni n ó di ẹrù mi, n kò ní sọ ọ̀rọ̀ kankan.

Ó wo ẹsẹ̀ mi bó ṣe máa ń wo àdìrẹ tó bá fura pé aró rẹ̀ yóò ṣí.

"Ó dáa. Láti ìhín dé Yídì. Àmọ́ bí wọ́n bá fi móto gbé ọ dé ibẹ̀, Ìtòkú ni o máa sùn lọ́jọ́ náà."

Ó fi ẹja gbígbẹ oníyọ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé n kò jẹ iyọ̀ mọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀, 10 oṣù karùn-ún

Mo ti ní ẹni tá a jọ ń rìn. Ọ̀gbẹ́ni Theophilus Fárọ̀mbí, tó ń gbé òdìkejì òpópónà, tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá ibùdó ọkọ̀ ojú irin, máa ń jáde láràárọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá àti fìlà òtútù, bí ooru ti wù kó mú tó. Ó dúró níwájú géètì mi, ó wo aago rẹ̀. "Ìyá Tísà, ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra. Ẹni tó bá pẹ́, ẹrù rẹ̀ nìkan la ó gbé." A rìn dé afárá kékeré tó wà lórí gọ́tà, a sì padà.

Ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù karùn-ún

Mo ṣe àṣìṣe. N ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí.

Láti ọjọ́ mélòó kan ni mo ti ń fi ìka wo ibi tí iṣan ti ń lù lọ́rùn ọwọ́ mi. Bí mo bá jókòó, ó ń rọra lù. Bí mo bá rìn dé afárá gọ́tà, ó ṣì ń rọra lù. Mo wá rò ó pé bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ tí mo ń ṣe tó iṣẹ́ ni, ì bá yára. Nítorí náà, n kò dúró de Ọ̀gbẹ́ni Fárọ̀mbí láàárọ̀ yìí. Mo kọjú sí ọ̀nà Òkè Ìlẹ́wọ̀, mo sì fi agbára gun òkè náà.

Lágbedeméjì, èémí mi tán. Òógùn tútù bò mí. Òkè náà lọ sókè sí i, ó jìnnà, ó funfun, bí ìgbà tí èèyàn ń wo nǹkan láti inú omi. Mo tún wo ọwọ́ mi: ó ń rọra lù bí ẹni tó ń sùn. Mo jókòó lórí òkúta kan.

Ibẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Fárọ̀mbí bá mi. Mo ṣàlàyé ìṣirò mi fún un. Ó gbọ́ ọ tán.

"Ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ẹ wá ń wo aago tó ti kú," ló wí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù karùn-ún

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní oògùn pupa yẹn ló di ìjánu ọkàn mú. Kò ní jẹ́ kó sáré, bí mo tilẹ̀ ń gun òkè. Nítorí náà iṣan ọwọ́ kò lè sọ òtítọ́ fún mi mọ́. "Ẹnu yín ni kẹ́ ẹ máa wò, mà, kì í ṣe ọwọ́. Bẹ́ ẹ bá ń rìn tẹ́ ẹ sì lè sọ̀rọ̀ parí, ó dáa. Bọ́rọ̀ bá ń já mọ́ yín lẹ́nu, ẹ dẹ̀rìn. Bí àyà bá fún yín, tàbí ìrora bá gba apá tàbí àgbọ̀n, ẹ jókòó, kí wọ́n wá pè mí." N kò gbọdọ̀ rìn bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, tàbí nígbà tí oòrùn bá mú. Kí n rọra bẹ̀rẹ̀, kí n sì rọra parí.

Mo bi í nípa àwọn àlá náà. Ó ní oògùn ọ̀hún máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn mìíràn, bó bá ń yọ mí lẹ́nu òun yóò pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní kò yọ mí lẹ́nu. N kò sọ fún un pé mo máa ń tètè lọ sùn nítorí wọn.

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù karùn-ún

Ìlú yìí kì í jẹ́ kéèyàn kọjá ní ìdákẹ́jẹ́. Láti géètì mi dé ìsàlẹ̀: télọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ síta, ìyàwó ìmáàmù tó ń gbá ojúlé, àwọn tí mo kọ́ níwèé rí, tí wọ́n ti di bàbá ọlọ́mọ. "Ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ kú ìrìn. Ṣé ara ti ń le? Ẹ kú ewu ọjọ́ sí." Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé wọ́n ń dá mi dúró ni. Báyìí, wọ́n ti di ìwọ̀n mi. Bí mo bá lè dáhùn, tí mo sì lè béèrè ọmọ wọn lórúkọ, ó dáa. Bó bá jẹ́ orí nìkan ni mo lè mì, mo dẹ̀rìn.

Mo sọ ọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Fárọ̀mbí. Ó ní, "Ìyẹn ni pé gbogbo Ìbarà ló ti di nọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni ò sì sanwó oṣù fún wọn."

Ọjọ́ Ajé, 20 oṣù karùn-ún

Wọ́n ti rí oṣù. Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Mo ti ṣètò ẹni tí n ó máa fún lóúnjẹ ìṣínu ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, dípò tèmi tí n kò lè gbà. Síbẹ̀, ó ṣe mí bí ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀ níbùdókọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 oṣù karùn-ún

Ọjọ́ ìmọ́tótó. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde kí aago mẹ́wàá tó lù. Mo ń rìn yí ilé ká, láàárín ẹ̀gẹ́ àti ògiri, títí àwọn adìyẹ ò fi yà fún mi lọ́nà mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹfà

Oògùn pupa tán nílé ìwòsàn, kò sì sí ní ilé ìtajà oògùn kankan ní Ìbarà tàbí ní Ṣápọ́n. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń sọ pé ọjà kò wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Fárọ̀mbí ní kí n máa dá ìyókù sí méjì-méjì. Mo rántí pé dókítà ní ọkàn tí wọ́n bá dédé tú ìjánu lẹ́nu rẹ̀ lè sáré pa olúwa rẹ̀. Mo lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́, mo sì dúró nílé, n kò rìn.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹfà

Òjò rọ̀ láti ìdájí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀, Sìlífátù wọlé, aṣọ rẹ̀ tutù, ètè rẹ̀ gbẹ. Ìbàdàn ló ti ń bọ̀. Ta ló sọ fún un, n kò mọ̀. Ó wá oògùn náà láti ilé ìtajà kan dé èkejì pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, ó sì rí i. Ó jù ú sórí tábìlì.

"Gbà. Kì í ṣe pé mo ti gbà fún ìrìn yẹn o. Mo kàn ní bí o bá máa rìn, má kú sójú títì, kí wọ́n má baà ní ará Ìtòkú ò lẹ́nìkan."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi."

"Gbé omi wá, kí n ṣínu."

A jọ jókòó. Kò sí iná mànàmáná. Ó sùn lórí àga kó tó jẹun tán, ọwọ́ rẹ̀ aláwọ̀ aró wà lórí itan rẹ̀ bí ọwọ́ ìyá wa.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kẹfà

Mo rìn dé Ìtòkú. Mo fẹ́ dán ẹsẹ̀ mi wò kí ọjọ́ tó pé. Ọ̀gbẹ́ni Fárọ̀mbí bá mi dé Ìsàlẹ̀ Ìgbẹ̀hìn, ó sì yà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kùrukùru wà nílẹ̀; páànù ilé nìkan ló yọrí, gbogbo wọn pupa, bí ìlú tó léfòó. Mo gba Ṣápọ́n kọjá. Mo dáhùn gbogbo ìkíni. Nígbà tí mo dé òpópónà wa, wọ́n ti ń sá aṣọ, aró ń kán, mo sì rò fún ìṣẹ́jú kan pé àlá ni mo wà.

Sìlífátù wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló gbé ọ wá?"

"Ẹsẹ̀ mi ni."

Ó yọjú síta, ó wo òpópónà láti òkè délẹ̀ bóyá yóò rí móto. Kò rí nǹkan kan. Mo rí i pé inú rẹ̀ fẹ́ dùn.

Ìyá Bùsírátù, ìyàwó àbúrò bàbá wa, ẹni tó dàgbà jù nínú agbo ilé, jókòó sí ààyè rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, mo kí i. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà. Àdúrà Ìyá kì í kúrú. Ó gba gbogbo ẹbí kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, òkú àti alààyè, mo ń ṣe àmín, orí mi wà nílẹ̀. Nígbà tó parí, mo fò dìde bí ọmọdé tí wọ́n ní kó lọ ṣeré.

Ilé náà lọ. Kò sí ariwo níbẹ̀. Ohun gbogbo di àwọ̀ aró, láti etí wọ àárín.

Nígbà tí mo lajú, orí ẹní ni mo wà, Sìlífátù sì ń pè mí ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò fi pè mí láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Nígbà tó rí i pé mo gbọ́, ó nu ojú rẹ̀.

"Ó parí," ló wí. "O ò lọ síbì kankan mọ́."

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹfà

Yàrá ìsàlẹ̀, Ìtòkú. Ó kún fún òórùn ọ̀dà.

Wọ́n fi móto gbé mi lọ bá dókítà. Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi nígbà tí mo dùbúlẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n nígbà tí mo dìde dúró, ó sì fi èkejì han Sìlífátù, bíi pé òun náà mọ̀ ọ́n kà. Ó ní kì í ṣe ìrìn ló gbé mi ṣubú, ìdìde ni. Oògùn méjèèjì jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó gun orí. Mo sì ti rìn wá, mo dédé dúró, mo kúnlẹ̀ pẹ́, mo wá dìde lójijì.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀, mà?"

"Dókítà, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ kì í dọ̀bálẹ̀ fún ìyá yín?"

Ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní bí mo bá rìn débì kan, kí n rọra máa gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ sí i, kí n wá jókòó. Bí mo bá fẹ́ dìde nílẹ̀, kí n kọ́kọ́ jókòó, kí n mí, kí n di nǹkan mú. Kí n sì máa kírun lórí àga.

Nígbà tí móto wa dé Ṣápọ́n, Sìlífátù yíjú sí mi.

"Ìrìn ò pa ọ́, kíkí ló fẹ́ pa ọ́. Kí ni ìyàtọ̀? Ṣé o máa kọjá níwájú gbogbo àgbà tó wà ní Yídì, kí o máa wò wọ́n lóòró bí ọmọ tí wọn ò kọ́?"

Òótọ́ ni. Mo lè rìn dé ibẹ̀; n kò mọ bí n ó ṣe dé láìkúnlẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, 14 oṣù kẹfà

Ìyá Bùsírátù ránṣẹ́ pe àwa méjèèjì. Ó ti gbé àpótí ìjókòó kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Títílọlá, jókòó."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí yín."

"Mo ní jókòó! Ṣé etí náà ti wà nínú àìsàn ọ̀hún ni?"

Mo jókòó.

"Ó dáa. Wá kí mi báyìí."

Mo kí i láti orí àpótí. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí bí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó gé àdúrà náà kúrú.

"Èmi ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún. Èmi ni mo ní kí o jókòó. Ìkúnlẹ̀ rẹ ti pé lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí o ti ń wọ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Èmi náà ń lọ sí Yídì, wọ́n á fi móto gbé mi. Ẹni tó bá bi ọ́, ní kó wá bá mi níbi tí mo bá jókòó sí." Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Sìlífá, ìwọ lo máa ru àpótí yìí tẹ̀lé e."

"Èmi? Láti Ìbarà?"

"Ṣé ẹlòmíràn ń jẹ́ Sìlífá nínú ilé yìí ni?"

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kẹfà

A padà sí Ìbarà, ìlérí náà ní láti ilé mi ni. Sìlífátù bá wa jáde láàárọ̀ kí ó lè mọ ọ̀nà. Ó fi ìbínú rìn, níwájú, àpótí lórí rẹ̀, ó sì ń sọ gbogbo ohun tí yóò sọ fún òṣìṣẹ́ báǹkì náà bí n kò bá dé Yídì. Kí a tó dé afárá gọ́tà, ọ̀rọ̀ ti ń já mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ẹ dúró... ẹ dúró ná... mi ò tíì... sọ̀rọ̀ tán."

Ọ̀gbẹ́ni Fárọ̀mbí yọ fìlà. "Alhájà, ọkọ̀ yìí kì í dúró, dídẹ̀rìn nìkan ló mọ̀."

Mo gba àpótí náà lórí rẹ̀, mo fún Ọ̀gbẹ́ni Fárọ̀mbí. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé lẹ́yìn ọdún Ìtúnu, yóò bá mi lọ rí dókítà. Ó di apá mi mú, ó sì ní nítorí tèmi ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹfà

Mo lálàá ìyá wa lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí ó dúró lórí omi, ó sì ń retí mi. N kò rántí ohun tó sọ.

Gbogbo ọ̀sán ni ìkùukùu fi bo ojú ọ̀run. Ní ìrọ̀lẹ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, a kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ibì kan là díẹ̀ lókè àwọn òkúta, ó pọ́n, ó tún pa dé. Ọ̀gbẹ́ni Fárọ̀mbí, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ló tẹjú mọ́ ọn jù. Ó ní òun rí nǹkan kan. Sìlífátù ní ojú rẹ̀ ló ń ṣe é.

Ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ kọjá, ó kígbe pé wọ́n ti rí oṣù ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, pé ààwẹ̀ ṣì ku ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ báǹkì ti ránṣẹ́ pé òun yóò wá gbọ́ èsì lọ́jọ́ kejì Ìtúnu. Sìlífátù kò tíì sọ nǹkan kan fún un, kò sì tíì sọ fún mi.

Mo ti lo oògùn alẹ́. Àpótí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, Sìlífátù ti fi aṣọ àdìrẹ ká òṣùká sórí rẹ̀. Ó wà nínú yàrá kejì, ó ń fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀.

"Títílọlá! Kí ni wọ́n wí?"

Rédíò ń ka ìròyìn mìíràn. Wọ́n ní kí a máa retí ìkéde oṣù láti Sókótó.